Ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ní yunifásítì: orúkọ rẹ̀, ibi tó ti wá, àti èdè tí a ó fi kọ́ ọ

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín ni àwọn ẹ̀kọ́ tí yunifásítì máa ń sọ di dandan fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ẹ̀ka-ìmọ̀ yòówù tí olúkúlùkù ìbáà yàn. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, gbogbo wọn ni yóò ṣe é kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí. General education ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é. Orúkọ tí a ó máa pè é ní Yorùbá ni ìṣòro àkọ́kọ́, n kò sì fẹ́ kí a fò ó dá.

Bí ẹnì kan bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, “ẹ̀kọ́ gbogboogbò” ni yóò kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu. Ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, ìyẹn lè kọjá láìsí wàhálà. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀ẹ́ dé Àjàṣẹ́, “enseignement général” ti ní ìtumọ̀ mìíràn tipẹ́tipẹ́. Òun ni E àti G tó wà nínú CEG, ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ máa ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí kò bá lọ kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́. Ẹni tó bá gbọ́ “ẹ̀kọ́ gbogboogbò” níhìn-ín yóò rò pé ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì là ń sọ. “Ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀” kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó jọ ti àwọn ọmọdé. “Ẹ̀kọ́ ọ̀ranyàn” ní tirẹ̀ wulẹ̀ sọ pé dandan ni, bẹ́ẹ̀ dandan náà ni fonọ́lọ́jì fún àwọn tiwa, kò sì kan akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn rárá. Èyí tí mo fara mọ́, tí n ó sì máa lò, ni “ẹ̀kọ́ àjọkọ́”. Bí a ṣe ṣẹ̀dá àjọṣe àti àjọjẹ la ṣe ṣẹ̀dá rẹ̀: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ à- tí a fi síwájú “jọ kọ́”. Ohun tí a jọ kọ́ ni. “Kọ́” yìí ní ojú méjì, ti ẹni tó ń kọ́ni àti ti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. N kò ka ìyẹn sí àbùkù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n máa ń gbà ṣètò rẹ̀. Ọ̀nà kìíní ni pé kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ jọ ka ohun kan náà gan-an. Columbia ní New York bẹ̀rẹ̀ irú èyí ní 1919, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ kan lórí ọ̀làjú ayé òde-òní, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà kejì ni pé kí a pín ìmọ̀ sí agbo-agbo, sáyẹ́ǹsì lọ́tọ̀, ìmọ̀ àwùjọ lọ́tọ̀, iṣẹ́-ọnà àti lítíréṣọ̀ lọ́tọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ wá mú ọ̀kan tàbí méjì nínú agbo kọ̀ọ̀kan bó ṣe wù ú. Harvard ló jẹ́ kí a rí ohun tó fa ọ̀nà kejì yìí. Nígbà tí Charles Eliot jẹ́ olórí níbẹ̀, láti 1869 sí 1909, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa yan ẹ̀kọ́ bó ṣe fẹ́. Ẹni tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ ló wá fi ọgbà yí òmìnira náà ká: kí akẹ́kọ̀ọ́ jinlẹ̀ níbì kan, kí ó sì tọ́ àwọn agbo yòókù wò. Lónìí, oyè àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà sábà máa ń gba 120 kírédì ní ọdún mẹ́rin, ẹ̀kọ́ àjọkọ́ nìkan sì lè gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀.

Mo kọ ọ́ ní “kírédì” bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ṣe ń pè é. Ní ọjà, kírédì ni àwìn, gbèsè ọrùn ẹni ni. Ní yunifásítì, kírédì ni ohun tí o ti jèrè, tí yóò dúró sórí orúkọ rẹ. Ẹni tó ń wá àpẹẹrẹ fún iṣẹ́ sẹ̀máńtíìkì rẹ̀ kò ní láti rìn jìnnà.

Nàìjíríà gba ti Amẹ́ríkà láti Nsukka. Nígbà tí University of Nigeria ṣílẹ̀kùn ní 1960, Michigan State University ló ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gbé e kalẹ̀, ẹ̀kọ́ àjọkọ́ sì wà nínú ètò wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìbàdàn tó ti wà láti 1948 lábẹ́ University of London ń tẹ̀lé ọ̀nà ti London, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń wọ inú ẹ̀ka tirẹ̀ lọ tààrà. Ọ̀nà Nsukka ló borí. Àjọ NUC tó ń bójú tó àwọn yunifásítì ibẹ̀ ti sọ ọ́ di dandan, GST ni gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n sí. Nínú ètò CCMAS ti 2022, ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni, ẹyọ méjì-méjì, 12 lápapọ̀: ìbánisọ̀rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn Nàìjíríà àti àṣà wọn, fílọ́sọ́fì àti ọgbọ́n àròjinlẹ̀, àlàáfíà àti yíyanjú aáwọ̀, pẹ̀lú méjì lórí ìdáṣẹ́sílẹ̀. Ètò kan náà fi ìpín 70 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́wọ́ NUC, ó sì fi 30 sílẹ̀ kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan fi ohun tó bá fẹ́ kún un.

Àwa gba ojú ọ̀nà mìíràn. Lójú àwọn Faransé, iṣẹ́ yìí ti parí kí ọmọ tó kúrò ní lycée. Ẹni tó ń lọ sí ìdánwò Bac ti kọ́ fílọ́sọ́fì, ìtàn, ìmọ̀ ilẹ̀ ayé, ìṣirò àti èdè àjèjì; Bac fúnra rẹ̀ ni òfin wọn kà sí oyè yunifásítì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wá wọ yunifásítì, ẹ̀ka rẹ̀ ló wọ̀. Wọ́n gbìyànjú ohun kan tó jọ ẹ̀kọ́ àjọkọ́, ìyẹn propédeutique, ọdún ìmúrasílẹ̀ kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ máa ń ṣe kí wọ́n tó yan ẹ̀ka. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, wọ́n sì pa á rẹ́ ní 1966. Nígbà tí Yunifásítì Dahomey àti ti Lomé bẹ̀rẹ̀ ní 1970, ó ti kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè méjèèjì ní: ti lítíréṣọ̀ wà ní Lomé, ti sáyẹ́ǹsì wà ní Àjàṣẹ́. N kò mọ ohun tó tún lè jìnnà sí ẹ̀kọ́ àjọkọ́ ju pé kí ẹnubodè wà láàárín ẹni tó ń ka ewì àti ẹni tó ń ka físíìsì.

LMD ló mú un wọlé fún wa. REESAO, ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2005, ló ṣaájú. Ìlànà UEMOA ti 2007 sọ ọ́ di ti gbogbo orílẹ̀-èdè tó wà nínú ẹgbẹ́ náà. Sáà mẹ́fà ni Licence, sáà kọ̀ọ̀kan ní 30 kírédì, 180 lápapọ̀. A di àwọn ẹ̀kọ́ pọ̀ sí ìdì-ìdì tí a ń pè ní UE. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn UE tó jẹ́ ti ẹ̀ka gan-an, a máa ń rí àwọn tí wọ́n ń pè ní “transversales”, àwọn tó la gbogbo ẹ̀ka kọjá: bí a ṣe ń kọ Faransé dáadáa, Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀ǹpútà, ọ̀nà ìṣèwádìí. Ẹ̀kọ́ àjọkọ́ gan-an nìyẹn, àmọ́ kò sọ orúkọ ara rẹ̀. Ó bá odidi ètò wọlé bí àlejò tó tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ èrò wọ ilé àríyá. Ní Columbia, ní Harvard, ní Nsukka, àwọn ènìyàn jókòó, wọ́n jiyàn: kí ni ó yẹ kí gbogbo ọmọ tó bá gboyè níbí mọ̀? Lójú tèmi, a kò tíì jókòó jiyàn yẹn. Ìdí nìyẹn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń bi mí pé, “Ọ̀gá, èdè ni mo wá kọ́, kí ni kọ̀ǹpútà ń wá nínú rẹ̀?” Ìdí nìyẹn náà tí a fi máa ń fi UE wọ̀nyí sọ́wọ́ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, nínú gbọ̀ngàn tó tóbi jù lọ, kí a sì fi ìdánwò mú-èyí-mú-ìyẹn parí rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá kan ẹ̀ka tiwa ni èdè. Ẹ wo ẹ̀kọ́ àjọkọ́ yòówù tí ẹ bá fẹ́, ẹ ó rí i pé èdè ló máa ń ṣíwájú. Ní Nàìjíríà, GST 111 ni Gẹ̀ẹ́sì. Níhìn-ín, Faransé ni, Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé e. Àkójọ yìí ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́, láìla ẹnu, pé èdè wọ̀nyí ni a fi ń ronú ní yunifásítì. Ẹni tó bá wá kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè pàápàá lè ṣe ìtúpalẹ̀ ìró àti gbólóhùn Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, kí ó gba Licence, láìkọ ojú ìwé kan ṣoṣo ní Yorùbá lórí ohun tó kọ́. Ó mọ Yorùbá bí oníṣègùn ṣe mọ òkú tó ń là wò. Ọ̀rọ̀ tí a nílò kò sì ṣọ̀wọ́n: àwọn èdè-ìperí tí Bámgbóṣé àti Awóbùlúyì jẹ́ olóòtú wọn wà lórí pẹpẹ, láti “àfòmọ́” dé “àpólà”.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tiwa nìkan kọ́ ni mo ń rò. Ọmọ Pọ́bẹ̀ tó kọ́ ìṣègùn yóò padà lọ bá ìyá arúgbó kan sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ Kétu tó kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn yóò kọ ìwé ìlò oògùn kòkòrò fún àgbẹ̀. Àwọn méjèèjì gbọ́ Yorùbá dáadáa. Kíkọ rẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ́ wọn. Bí ẹ̀kọ́ àjọkọ́ bá jẹ́ ohun tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó kàwé mọ̀, mo rò pé kíkọ èdè ìlú rẹ̀ yẹ kó wà níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ wa kì í ṣe ọmọ Yorùbá nìkan. Fọ̀n, Gùn, Ajá, Bààtọ́nù, Dẹndi, gbogbo wọn ló wà nínú gbọ̀ngàn kan náà. Òótọ́ ni, ibẹ̀ ni ọ̀nà méjì tí mo sọ lókè ti wúlò. Ọ̀nà Columbia kò lè ṣiṣẹ́ níhìn-ín. A kò lè sọ pé kí gbogbo ènìyàn kọ Yorùbá, n kò sì fẹ́ ẹ. Ọ̀nà Harvard ló bá wa mu: agbo kan tó jẹ́ ti èdè ilẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù mú ọ̀kan níbẹ̀, ì báà jẹ́ tirẹ̀, ì báà jẹ́ ti aládùúgbò rẹ̀. Abala kọkànlá nínú Òfin-ìpìlẹ̀ ilẹ̀ Benin ti 1990 ti fún àwọn ẹ̀yà láṣẹ láti máa lo èdè wọn, ní sísọ àti ní kíkọ. Yunifásítì kò ní láti tọrọ àyè.

Àtakò kejì ni ti àkọtọ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ló sì máa ń gbé e dìde. Àlífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè, tí ìjọba gbé jáde ní 1975, tí wọ́n sì tún ṣe lẹ́yìn náà, ń lo ɛ, ɔ, sh àti kp. Ìwé tó ń ti Ìbàdàn àti Èkó wá ń lo ẹ, ọ, ṣ àti p. Ɛshin lọ́dọ̀ wa ni ẹṣin lọ́dọ̀ wọn. Ɔ̀kpɛ ni ọ̀pẹ. Èwo ni a ó kọ́ wọn? Méjèèjì ni. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan tán, wákàtí mélòó kan tó fún un láti mọ èkejì. Mo tilẹ̀ rò pé akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tó bá gbìyànjú láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ òfin pé ìró kan lè ní lẹ́tà méjì, tí ìró rẹ̀ kò sì yí padà, ti kọ́ fonọ́lọ́jì ju èyí tí mo lè fi ìdánwò gbà lẹ́nu rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ẹ̀ka-èdè: kí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́ kọ ti Ṣábẹ̀ẹ́, kí ọmọ Atakpamé kọ Ifẹ̀ tiwọn, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti fi àmì ohùn síbi tó yẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ kí ẹ rí bó ti kéré tó. Kírédì méjì ni mo ń béèrè nínú 180. Ní Yúróòpù, níbi tí LMD ti wá, kírédì kan jẹ́ iṣẹ́ wákàtí 25 sí 30, ti kíláàsì àti ti ilé pọ̀. Bí a bá fi 25 ṣe é, wákàtí 50 nìyẹn fún kírédì méjì. N ó fi 10 sórí àkọtọ́ méjèèjì, n ó sì fi 15 sórí àmì ohùn, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo wa ti máa ń ṣubú. Wákàtí 25 tó kù, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ ojú ìwé mẹ́ta nípa ohun kan tó ń kọ́ ní ẹ̀ka tirẹ̀, kí ó wá ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ń lò fún un, kí ó sì tún un kọ lẹ́ẹ̀mejì. Sáà kejì ni mo fẹ́ kó bọ́ sí. Ní sáà kìíní, ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń wá yàrá tí wọn yóò gbà. Kí a má ṣe ìdánwò mú-èyí-mú-ìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ojú ìwé rẹ̀ sókè fún ẹnì kan tí kì í ṣe ará ẹ̀ka rẹ̀, kí ẹni náà sọ ohun tó gbọ́ níbẹ̀ fún olùkọ́, kí olùkọ́ sì fún un ní máàkì láti ibẹ̀.