Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Nínú Igbó: Kí Ni Yóò Ṣẹ́kù ní Àyíká Life Camp?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, kí ọkọ̀ sì tó dí oríta Life Camp ní Àbújá pa, ènìyàn a máa rí àwọn kan tí wọ́n ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá. Wọ́n dé akoto mọ́rí, wọ́n há ike omi mọ́ ara kẹ̀kẹ́, wọn kò sì kọjú sí ọ́fíìsì tàbí ọjà. Igbó ni wọ́n ń wá. Wọ́n ń wá ọ̀nà tóóró tí ó gba àárín pápá àti ẹ̀bá àpáta kọjá, irú èyí tí ọkọ̀ kò lè gbà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ń dínkù ní àyíká Life Camp, ọ̀rọ̀ náà sì kan ọmọ Yorùbá tí ó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Àbújá ju bí ó ti lè rò lọ.

Kẹ̀kẹ́ kò ṣàjèjì sí ìran wa. Àgbẹ̀ kòkó fi í lọ sí oko, ẹlẹ́mu fi í ru ẹmu, olùkọ́ àti wolé-wolé fi í ṣe iṣẹ́ ìjọba. Láyé ọjọ́un, ẹni tí ó bá ra Raleigh tuntun ní abúlé, wọn a kí i kú oríire, òun náà a sì lọ gba láísẹ́nsì rẹ̀ ní káńsù. Nígbà tí owó dé, mọ́tò ni gbogbo wọn ń lépa. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún irú bàbá bẹ́ẹ̀ pé ọmọ ọmọ rẹ̀ yóò fi owó ńlá ra kẹ̀kẹ́, tí yóò sì gùn ún padà sínú igbó láìní oko níbẹ̀, ẹ̀rín ni yóò fi í rín.

Kẹ̀kẹ́ òkè ni a lè pe irú kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe eré yìí. Táyà rẹ̀ nípọn, ó sì rí gbágungbàgun kí ó lè di ilẹ̀ mú. Fọ́ọ̀kì iwájú rẹ̀ ní sípíríǹgì tí ń gba ìkọlù òkúta mọ́ra. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà ni eré náà ti gbilẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ kan, tí Joe Breeze, Gary Fisher àti Charlie Kelly wà lára wọn, kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ jọ, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí fi wọ́n sáré ìje láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀ nítòsí òkè Tamalpais ní oṣù kẹwàá ọdún 1976. Gíríìsì inú bíréèkì a máa jóná tán kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀, wọn a sì ní láti ki òmíràn sí i. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, eré ọ̀hún wọ ìdíje Òlíḿpíìkì ní Atlanta, níbi tí Nàìjíríà ti gba wúrà nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rí ibi tí eré yìí ti di ètò gidi, igbó ìhà àríwá ìpínlẹ̀ Wisconsin ni kí ó lọ, ní agbègbè ìlú Cable àti Hayward. Àwọn agégẹdú ti gé igbó náà bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. Ní ọdún 1933 ni ìjọba sọ ọ́ di igbó ọba. Láti ọdún 1983 ni àwọn oníkẹ̀kẹ́ ti ń péjọ sí ibẹ̀ fún ìdíje lọ́dọọdún. Nígbà tí ó ṣe, àwọn ará agbègbè náà dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, CAMBA ni wọ́n ń pè é, tí ó ń la ọ̀nà kẹ̀kẹ́, tí ó ń tún un ṣe, tí ó sì ń ri àmì mọ́ ojú ọ̀nà. Ọ̀nà wọn lé ní 100 máìlì lónìí. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n ń sun ilé ìtura, wọ́n sì ń jẹun ní ìlú tí kì bá ti rí ẹni yà sí i.

Ìmọ̀ ni a fi ń la irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. A kì í là á tààrà láti orí òkè wá sí ìsàlẹ̀, nítorí omi òjò ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ di tirẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ òkè ni a ń gbà, kí ọ̀nà náà máa yí bí òkè ti ń yí. A ó jẹ́ kí ojú rẹ̀ dagun díẹ̀ sí ìhà ìsàlẹ̀, kí omi lè ré kọjá láìdúró. Ní ibi mélòó kan a ó jẹ́ kí ó sọ̀ díẹ̀ kí ó tó tún gòkè, kí omi tí ó bá fẹ́ bá ọ̀nà rìn lè yà sí igbó níbẹ̀. Ìgòkè rẹ̀ kì í sábà ju ẹsẹ̀ bàtà 10 lọ nínú 100. Àgbẹ̀ tí ó bá ti kọ ebè ní ìdábùú òkè rí mọ ọgbọ́n yìí láìlọ sí ilé ẹ̀kọ́.

Ti Àbújá yàtọ̀. Àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ tí ó gba ìhà Dape àti Karmo, ẹsẹ̀ ènìyàn ni ó là wọ́n, ẹni tí ó sì ń ti oko bọ̀ kì í wá ìkọ́rọ́ kiri. Òjò ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin dé oṣù kẹwàá, ọ̀nà tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ tààrà lórí ilẹ̀ pupa a sì di kòtò. Bí ọyẹ́ bá dé, ilẹ̀ a le bí irin, eruku a bo gbogbo rẹ̀.

Àwọn ọ̀nà wọ̀nyí kì í sì í ṣe ti eléré. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Gwari, wà lára àwọn onílẹ̀ kí ìjọba tó dé. Èjìká ni obìnrin wọn fi ń ru ẹrù, kì í ṣe orí. Nígbà tí obìnrin tí ó ru igi ìdáná sí èjìká bá pàdé oníkẹ̀kẹ́ lójú ọ̀nà tóóró, oníkẹ̀kẹ́ ni ó yẹ kí ó sọ̀ kalẹ̀, kí ó yà fún un, kí ó sì kí i. Ẹni tí ó bá fi aago lé e kúrò lọ́nà, àlejò tí kò mọ ara rẹ̀ ni.

Ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Akinola Aguda, ọmọ Yorùbá, jẹ́ alága fún ni ó yan ilẹ̀ náà fún olú-ìlú tuntun. Òfin tí ó dá agbègbè náà sílẹ̀ jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ọdún kan náà tí àwọn ọ̀dọ́ California bẹ̀rẹ̀ ìje wọn. Àwòrán ètò ìlú parí ní 1979, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún pápá àti igi. Ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba kó kúrò ní Èkó. Life Camp fúnra rẹ̀, ibùdó àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ́lé ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Lónìí, ilé àti ògiri ti so ó pọ̀ mọ́ Gwarinpa, Kado àti Jabi. Mínísítà Nasir El-Rufai wó ọ̀pọ̀ ilé tí ó tako àwòrán ètò ìlú láàrin 2003 àti 2007, ariwo náà sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a kò bá yà sórí máàpù, kò sí bí ẹnikẹ́ni ti lè dá a sí. Pápá lè wà lórí ìwé. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kò ní ìwé kankan. Ọjọ́ tí ẹni kan bá mọ ògiri sí ìdábùú rẹ̀, ó tán nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà tí ń lé àwọn oníkẹ̀kẹ́ kúrò nínú igbó. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé ṣọṣẹ́ ní Bwari, gbogbo orílẹ̀-èdè sì gbọ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ń dá lọ sí ẹ̀yìn òkè ní ìdájí, àwọn ará ilé rẹ̀ kì í fara balẹ̀ títí yóò fi dé.

Síbẹ̀, àyè ń bẹ tí a lè lò. Ní Mpape, kòtò ńlá ṣì wà níbi tí wọ́n ti fọ́ òkúta fún iṣẹ́ ìkọ́lé. Omi ti kún inú rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lọ wò ó. Ní Crosby, ní ìpínlẹ̀ Minnesota, irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni àwọn awakùsà irin fi sílẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ ní 1993, wọ́n sì ṣí ọ̀nà kẹ̀kẹ́ yí àwọn adágún rẹ̀ ká ní 2011. Ìlú tí iṣẹ́ irin ti fi sílẹ̀ tún wá rí àlejò gbà.

Kì í ṣe pé a kò ní eléré. Pápá eré kẹ̀kẹ́ kan wà nínú ọgbà pápá ìṣeré Moshood Abiola ní Àbújá, èyí tí a kọ́ fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ti ọdún 2003. Ní Paris ní 2024, Ese Ukpeseraye gun kẹ̀kẹ́ fún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ni ó ti yá èyí tí ó lò nínú pápá.

Ní báyìí ná, etí adágún Jabi ni ó sún mọ́ Life Camp jù fún òbí tí ó bá fẹ́ mú ọmọ rẹ̀ jáde. Kí wọ́n jáde kí oòrùn tó le, kí wọ́n lọ ní ẹgbẹ́, kí wọ́n sì gbé omi, páǹpù àti táyúbù kan dání, nítorí ẹ̀gún kò mọ ọmọ ọlọ́lá.