Ìjẹ́wọ́ Ẹ̀bi Kò Dí Ọ̀nà Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn
Àwọn àgbà ní ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Wọn kò ní kí ó gé ọwọ́ mọ́ ọn. Orí èyí ni mo gbé ọ̀rọ̀ mi lé. Ẹni tí ó gbà níwájú adájọ́ Ilé-Ẹjọ́ Gíga ní Nàìjíríà pé òun jẹ̀bi kò tíì gbà pé kí a jẹ òun níyà ju bí òfin ti là á sílẹ̀ lọ. Ó lè pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lórí ìjìyà nìkan, láàárín 90 ọjọ́ sí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n mo kìlọ̀: Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè dín ìjìyà náà kù, ó sì lè fi kún un. Nítorí náà, kí ẹlẹ́wọ̀n àti agbẹjọ́rò rẹ̀ ro ọ̀nà méjèèjì dáadáa kí ọjọ́ tó pé.