Ìbọn ń dún, ẹranko ò sá

Ẹ̀yin tó ń gba iwájú bárékè Effurun kọjá mọ̀ pé èèyàn kì í ṣàdédé wọ ibẹ̀ lọ dáko. Ohun tó gba ẹranko là ní Salisbury Plain nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn.

Láti 1897 ni ìjọba ti ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ fún ṣọ́jà láti fi kọ́ ogun jíjà. Katakata ò dé ọ̀pọ̀ ibẹ̀, koríko àtijọ́ sì wà síbẹ̀. Edé kékeré kan ń gbé inú omi òjò tó dúró sí ipa táyà ọkọ̀ ogun; ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọkọ̀ ló ń gbé ẹyin rẹ̀ dé kòtò mìíràn. Ẹyẹ great bustard, tó tóbi bíi tòlótòló, ti pa run ní Britain láti bíi 1832. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a padà sí ní 2004.

Àmọ́ ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Ní 1943, wọ́n ní kí ará abúlé Imber kó jáde kí Kérésì tó dé. Wọn ò padà síbẹ̀ gbé mọ́ títí dòní.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé oko àti ilé wa ń lé ẹranko ju ariwo ìbọn lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dá igbó sí, kó kọ́kọ́ bá onílẹ̀ sọ̀rọ̀.