Ìdajì 99 ni 92
Ní ẹ̀ka wa, ọdún kan ni a fi ń ti ipele 100 bọ́ sí 200, ọdún kan náà la sì ń lò láti 300 dé 400. Ipele inú géèmù Old School RuneScape kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Oríṣiríṣi iṣẹ́ ló wà níbẹ̀: igi gígé, ẹja pípa, oúnjẹ sísè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ipele tirẹ̀, láti 1 dé 99. Bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ ó máa gba àmì ìrírí tí àwa tí a ń gbá a ń pè ní XP. Ẹ jẹ́ kí n fi igi gígé ṣàlàyé. Ìtì igi lásán kan ń mú XP 25 wá. XP 83 ni ipele 2 ń fẹ́, nítorí náà ìtì 4 ti tó.

Àmọ́ ní àwọn ipele gíga, bí ẹ bá fi ipele méje gòkè sí i, àpapọ̀ XP tí ẹ nílò á di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Láti 98 dé 99 nìkan, XP 1,228,825 ni. Igi yew ń mú XP 175 wá lórí ìtì kan, síbẹ̀ ẹ máa gé ìtì 7,022.

Ibẹ̀ ni 92 ti ń tan ènìyàn jẹ. XP 6,517,253 ló ń gbé yín débẹ̀. 13,034,431 ni ti 99. Ẹni tó rò pé òun ti ń kan ilẹ̀kùn ṣẹ̀ṣẹ̀ dé agbedeméjì ọ̀nà ni, ọ̀pọ̀ sì ń sú níbẹ̀. Èmi kì í béèrè ipele lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi. XP tó kù ni mo ń béèrè.