Ṣé o mọ̀? Ọmọ ọba Nọ́wè tí wọ́n sin sí ilẹ̀ Sípéènì

Ṣé o mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan ní ìlú kékeré Covarrubias, ní Sípéènì, ni wọ́n sin ọmọ ọba Nọ́wè kan sí?

• Kristina lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1234 ni wọ́n bí i. Ọba Haakon Kẹrin ni bàbá rẹ̀.

• Ní 1257, ó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀, ó wọkọ̀ ojú omi, ó gun ẹṣin la ilẹ̀ Faransé kọjá, kó lè lọ fẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àbúrò Ọba Alfonso Kẹwàá ti Castile.

• Ìtàn àtijọ́ sọ pé Alfonso ṣàlàyé ìwà àwọn àbúrò rẹ̀ fún un, Kristina sì fọwọ́ ara rẹ̀ yan Felipe, ẹni tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ àlùfáà tẹ́lẹ̀. Valladolid ni wọ́n ti ṣègbéyàwó ní 1258.

• Ní 1262, Kristina kú ní Seville láìbímọ. Kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

• Felipe ti ṣèlérí fún un pé òun yóò kọ́ ilé àdúrà ní orúkọ Olav Mímọ́ ti Nọ́wè. Ọdún 2011 ni wọ́n tó ṣí ilé náà ní Covarrubias, lẹ́yìn ọdún tó lé ní 700.