Ta Ló Ti Ka Lẹ́tà Yẹn? Bí Èyí Tó Ṣe Pàtàkì Kò Ṣe Ní Bọ́ Yín Lọ́wọ́

Ká fi ìyá ọlọ́mọ kan tó ń gbé ní Tishigu, nílùú Tamale, lórílẹ̀-èdè Ghana, ṣe àpẹẹrẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ṣí ímeèlì ibi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì bá ogójì lẹ́tà tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo òṣìṣẹ́. Ẹnì kan ń kéde ìsọmọlórúkọ, ẹni mẹ́wàá ń kí i kú oríire, ẹlòmíì ń wá kọ́kọ́rọ́ tó sọnù. Àárín wọn ni lẹ́tà kan wà tó ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí iléeṣẹ́ máa sanwó ìwòsàn fún yóò parí. Kò rí i títí di alẹ́.

Kì í ṣe pé ó ya ọ̀lẹ. Lẹ́tà ló pọ̀ ju ohun tí ojú kan lè kà lọ. Àgbájọ ọwọ́ sì la fi ń sọ̀yà.

Àwọn Yorùbá tó gbé Tamale rí mọ iyì ìròyìn tó bá tètè dé. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kó kúrò ní Ghana. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń tajà nílùú náà ló palẹ̀ ẹrù mọ́. Nígbà tí ọjọ́ bá kéré báyìí, aládùúgbò tó tètè gbọ́, tó sì ṣeé fọkàn tán, ló ń gbani.

Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà mú wọnú ímeèlì. Ní ọdún 1992, David Goldberg, David Nichols, Brian Oki àti Douglas Terry, ní ibùdó ìwádìí Xerox ní Palo Alto, ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ètò kan tí wọ́n pè ní Tapestry. Ímeèlì ti ń ya bo àwọn náà. Wọ́n rí i pé kí kọ̀ǹpútà nìkan máa ṣa lẹ́tà kò tó; ojú èèyàn gbọ́dọ̀ bá a lọ́wọ́ sí i. Ẹni tó bá ka lẹ́tà á fi àmì sí i, ẹlòmíì á sì ní kí kọ̀ǹpútà kó èyí tí ẹni tó fọkàn tán fàmì sí wá fún òun. Ní ọdún 1994, GroupLens mú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ wọ inú ìròyìn orí kọ̀ǹpútà.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o. Ìràwọ̀ tí èèyàn fi sára lẹ́tà nínú Gmail, òun nìkan ló ń rí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti WhatsApp. Àpótí ímeèlì àjọlò, irú ti Outlook, ni gbogbo yín ti lè jọ rí àsíá. Ní WhatsApp, láti ìparí ọdún 2023, ẹ lè lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ òkè gúrúùpù fún wákàtí 24, ọjọ́ 7 tàbí ọjọ́ 30.

Ẹ fẹnu kò lórí àmì mẹ́ta péré: "lónìí", "lọ́sẹ̀ yìí", "fún ìmọ̀ yín". Ẹ yan ẹni méjì tàbí mẹ́ta tó máa ń fara balẹ̀ kàwé, kí wọ́n máa gbà á ṣe fún ara wọn, torí àìsàn lè dé sí ẹnì kan. Kí ẹni tó bá ta àsíá sọ ìdí rẹ̀ ní gbólóhùn kan. Bí gbogbo lẹ́tà bá di "lónìí", àsíá ò já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bí kálukú bá sì ń retí pé ẹlòmíì á kà á, kò sẹ́ni tó máa kà á.

Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ rí fún ẹbí tí ọ̀kan wà ní Tamale, ọ̀kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan ní London.

Ká ní ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn tó ka lẹ́tà yẹn láàárọ̀ ta àsíá sí i, tàbí kó yọjú kó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí kó tó di ọ̀sán," orúkọ àwọn ọmọ ìyá Tishigu ì bá ti wọlé.