Ọ̀rọ̀-ìṣe «Fẹ̀» nínú Awuyewuye Lórí Ìpilẹ̀ṣẹ̀ Àgbáyé

Adágún Southmere ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, kì í ṣe ohun tí a bá láyé. Ènìyàn ni ó gbẹ́ ẹ, kí omi irà etí odò Thames lè rí ibi dárí sí, kí ilẹ̀ tí ó ṣeé kọ́lé sí sì lè wà. Ọdún 1968 ni àwọn olùgbé àkọ́kọ́ dé sí Thamesmead. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìdílé Yorùbá ni ó fi ibẹ̀ ṣe ilé. Ọmọ tí ó bá dàgbà létí adágún yìí kò ní ṣàì rí ìjọra nínú ìtàn Ifẹ̀: omi ló wà níbi gbogbo, a ta ẹ̀wọ̀n láti ọ̀run, a da erùpẹ̀ sórí omi, adìẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tú u ká. Ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Láti ara «fẹ̀» yìí ni ọ̀pọ̀ àgbà ti ń túmọ̀ orúkọ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ náà wí pé àgbáyé ń fẹ̀. Georges Lemaître, àlùfáà ará Bẹ́ljíọ̀mù, dá a lábàá ní 1927. Ní 1929, àkíyèsí Edwin Hubble tì í lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń jiyàn pé Ifẹ̀ ti mọ̀ ṣáájú wọn. Iyàn náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ní 1948, Fred Hoyle, Hermann Bondi àti Thomas Gold gbé èrò mìíràn kalẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: àgbáyé kò ní ìbẹ̀rẹ̀ rárá. Wọ́n gbà pé ó ń fẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tuntun ń jẹ yọ díẹ̀díẹ̀ láti dí àlàfo tí fífẹ̀ náà ń dá sílẹ̀. Ìhà méjèèjì ló gba «fẹ̀» gbọ́. Kò lè dá ẹjọ́ láàárín wọn. Ohun tí ó yí ọkàn ọ̀pọ̀ onímọ̀ padà ni ìtànṣán tín-ín-rín tí Arno Penzias àti Robert Wilson kéde ní Amẹ́ríkà ní 1965. Ó ń wá láti gbogbo ìhà ojú ọ̀run, bí ìyókù ooru ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ náà ni a ń ṣírò lónìí sí nǹkan bíi bílíọ̀nù ọdún 13.8 sẹ́yìn. Hoyle kò gbà títí ó fi kú ní 2001.

Ibòmíràn ni awuyewuye Ifẹ̀ wà. Àwọn kan ní Ọbàtálá ló dá ilẹ̀; àwọn mìíràn ní ẹmu pa á lójú ọ̀nà, ó sùn, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Èyíkéyìí tí a bá gbà, omi àti ọ̀run ti wà ṣáájú. Ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni àṣẹ lórí rẹ̀: ẹjọ́ tí ìtàn náà ń rò nìyẹn. Ẹni tí ó ní sáyẹ́ǹsì ti dá Ifẹ̀ lẹ́bi, àti ẹni tí ó ní ó ti dá a láre, ẹjọ́ tí Ifẹ̀ kò pè ni àwọn méjèèjì ń dá.

Síbẹ̀, «fẹ̀» wúlò fún ẹni tí ó fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé. «Ìbúgbàù Ńlá» tí a ń pe tíọ́rì ìbẹ̀rẹ̀ yìí jẹ́ ìtumọ̀ orúkọ tí Hoyle, alátakò rẹ̀, fún un lórí rédíò BBC ní 1949. «Gbàù» ń mú kí a ro ohun kan tí ó bẹ́ lójú kan, tí ẹ̀fọ́ rẹ̀ tú sínú àyè òfìfo. Tíọ́rì náà kò sọ bẹ́ẹ̀: àyè gan-an ni ó ń nà, kò sì sí ojúkan tí a lè tọ́ka sí pé àárín rẹ̀ nìyí. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Thamesmead bá ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ̀ àgbà, «ìgbà tí àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀» sún mọ́ òtítọ́ ju «gbàù» lọ.